Àpọ̀jù Fọ́nrán-Iṣẹ́ nínú Ìṣirò Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Pín Ọpọlọ Ẹ̀rọ?

1. Ìfáárà

Ìgbàgbọ́ kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń fi ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ṣe ìṣirò ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé bí ọwọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iṣẹ́ náà yóò ṣe máa yá sí i. Ìgbàgbọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ọ̀pọ̀ eku kì í wa ilẹ̀. Bí wọ́n bá wà á, kì í jìn. Òwe méjèèjì kò tako ara wọn. Ti àkọ́kọ́ ń sọ nípa ọwọ́ tí ó rí àyè ṣiṣẹ́. Ti ìkejì ń sọ nípa ọwọ́ tí ó pọ̀ ju àyè lọ.

Ààrin òwe méjèèjì yìí ni ìṣòro tí iṣẹ́ yìí fẹ́ tú palẹ̀ wà. Olùṣèwádìí kan lè kọ ètò tí ó pín ìṣirò rẹ̀ sí ọ̀nà 16 lórí kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ 16, kí ó sì rí i pé iṣẹ́ náà lọ́ra ju ìgbà tí kò pín in rárá lọ. Kò sí àṣìṣe nínú ètò rẹ̀. Ìdáhùn tí ó rí náà sì tọ̀nà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àkójọ ìṣirò tí ó yá lò ti tún iṣẹ́ kan náà pín lẹ́ẹ̀kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un.

Èrò tí iṣẹ́ yìí dúró lé lórí ni pé ìṣòro yìí kì í ṣe ti àìmọ̀ọ́kọ ètò; ìṣòro àṣẹ ni. Àwọn tí wọ́n kọ àkójọ ìṣirò ṣe ohun tí ó tọ́; ẹni tí ó kọ ètò tí ó wà lókè ṣe ohun tí ó tọ́; ohun tí kò sí ni ẹni tí yóò pín ọpọlọ ẹ̀rọ láàárín àwọn méjèèjì. Nítorí náà, ibì kan ṣoṣo ni ó yẹ kí àṣẹ yìí wà, ibẹ̀ náà sì ni ibi tí wọ́n ti mọ gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ni yóò ṣáájú. Ìtàn, ọ̀nà tí àpọ̀jù ń gbà wáyé, ìpalára rẹ̀ àti ọ̀nà àmójútó rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e.

2. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó

Ọpọlọ ni ẹ̀yà ẹ̀rọ tí ó lè dá ṣe àṣẹ ìṣirò fúnra rẹ̀. Kọ̀ǹpútà òde òní sábà máa ń ní ju ọpọlọ kan lọ. Àwọn ńlá tí ó wà ní ibùdó ìṣirò lè ní 64, 128 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fọ́nrán-iṣẹ́, tàbí fọ́nrán lásán, ni ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí ń tẹ̀ léra, èyí tí ètò adarí ẹ̀rọ, irú bíi Linux, lè gbé ka orí ọpọlọ kan. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì náà fi orúkọ òwú pè é. Ní àsìkò kan ṣoṣo, fọ́nrán kan ni ó lè jókòó lórí ojú-iṣẹ́ kan.

Òṣìṣẹ́ ni ẹ̀dà ètò kan tí ó ní ìrántí tirẹ̀ lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ kan lè ní fọ́nrán kan tàbí púpọ̀ nínú. Àwọn fọ́nrán inú òṣìṣẹ́ kan ń rí ìrántí ara wọn. Òṣìṣẹ́ kan kò rí ti òṣìṣẹ́ kejì.

Àkójọ ìṣirò ni àpapọ̀ àwọn iṣẹ́ ìṣirò tí àwọn ògbóǹkangí ti kọ sílẹ̀, tí àwọn ètò mìíràn ń pè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ mátíríìsì di púpọ̀ tàbí wá ojútùú sí ọ̀wọ́ ọgbà ìṣirò.

Àpọ̀jù fọ́nrán ni ipò tí iye fọ́nrán tí ó ń fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ti ju iye ọpọlọ tí wọ́n yọ̀ǹda fún wọn lọ. Fọ́nrán tí ó ń sùn, tí kò béèrè fún ọpọlọ, kò sí nínú ìṣirò yìí.

3. Bí àkójọ ìṣirò ṣe di ẹni tí ń pín iṣẹ́

Ní 1979 ni Lawson, Hanson, Kincaid àti Krogh tẹ BLAS jáde. Àdéhùn ni lórí orúkọ àti ìlò àwọn iṣẹ́ kéékèèké orí fẹ́kítọ̀ ní èdè Fortran. Ní 1988 ni iṣẹ́ mátíríìsì pẹ̀lú fẹ́kítọ̀ wọ inú rẹ̀. Ní 1990, Dongarra, Du Croz, Duff àti Hammarling fi ìpele kẹta kún un, ìyẹn iṣẹ́ mátíríìsì pẹ̀lú mátíríìsì. Orí ìpele yìí ni wọ́n gbé LAPACK, tí ó jáde ní 1992, kà. Àdéhùn náà sọ ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe. Kò sọ iye ọpọlọ tí yóò fi ṣe é. Kò sì sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ ìgbà náà kò ní ju ọpọlọ kan lọ.

Nǹkan yí padà. IBM gbé POWER4, tí ó ní ọpọlọ méjì lórí ègé kan, jáde ní 2001. Ní 2005, Intel àti AMD ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ìlànà OpenMP, tí ó ń jẹ́ kí ètò kan pín ara rẹ̀ sí fọ́nrán púpọ̀, ti wà fún Fortran láti 1997. Àwọn tí ń kọ àkójọ ìṣirò rí i pé àwọn lè pín iṣẹ́ mátíríìsì láàárín ọpọlọ gbogbo láìjẹ́ pé olùlò yí ìlà kan padà nínú ètò rẹ̀. MKL ti Intel ń ṣe bẹ́ẹ̀. GotoBLAS, iṣẹ́ Kazushige Goto ní Yunifásítì Texas ní Austin, ṣe bẹ́ẹ̀. OpenBLAS, tí Zhang Xianyi bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà ní 2011 láti ara GotoBLAS2, sì tẹ̀lé e.

Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ iye fọ́nrán fún wọn, ìṣe irú àwọn àkójọ wọ̀nyí ni kí wọ́n ka ọpọlọ ẹ̀rọ, kí wọ́n sì dá fọ́nrán tí ó tó iye náà sílẹ̀. Fún ẹni tí ó ń dá lo ẹ̀rọ rẹ̀, tí ètò rẹ̀ ń lọ ní ẹyọ kan, oore ńlá ni èyí.

Láàárín àkókò kan náà, àwọn mìíràn ń pín iṣẹ́ láti òkè wá. Ẹni tí ó ń fi scikit-learn, àkójọ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ jáde fún gbogbo ènìyàn ní 2010, dán ọ̀nà ìṣirò kan wò lórí ìpín dátà oríṣiríṣi lè ní kí joblib dá òṣìṣẹ́ 16 sílẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú ìpín tirẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lo NumPy. NumPy ń pe OpenBLAS tàbí irú rẹ̀. Báyìí ni olùpínṣẹ́ méjì ṣe pàdé nínú ilé kan, tí èkíní kò mọ̀ pé èkejì wà.

4. Ọ̀nà tí àpọ̀jù ń gbà wáyé

Ìsọdipúpọ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 16, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dá fọ́nrán 16 sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 256 lórí ọpọlọ 16. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní ọpọlọ 64, ìṣe kan náà yóò bí fọ́nrán 4,096. Bí ẹ̀rọ bá ṣe tóbi tó ni àpọ̀jù ṣe ń burú tó, nítorí pé iye náà ń pọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀.

Ó dà bí ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ènìyàn mẹ́rìndínlógún sí oko tí ọkọ́ mẹ́rìndínlógún wà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn tí ó wá bá tún lọ bẹ ọ̀wẹ̀ mẹ́rìndínlógún tirẹ̀, kò sí ẹni tí ó ṣe àìdáa, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò pọ̀ sí i. Ìdúró de ọkọ́ ni yóò gba ọjọ́ náà.

Ọ̀nà kejì ni ti ìpín inú ìpín. Ètò kan lè lo OpenMP fúnra rẹ̀, kí fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún pe àkójọ tí ó ń lo OpenMP. MKL gbìyànjú níhìn-ín: bí ó bá rí i pé inú ìpín OpenMP ni wọ́n ti pè é, fọ́nrán kan ni yóò lò, àyàfi tí wọ́n bá pàṣẹ mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè rí nìkan ni ó lè ṣọ́. Bí ó bá jẹ́ pé OpenMP ti GNU àti ti Intel jọ wà nínú òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní agbo fọ́nrán tirẹ̀, èkíní kò sì ní ka ti èkejì. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ mìíràn ni ó pín iṣẹ́, kò sí ohun tí àkójọ náà lè rí rárá.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n yọ̀ǹda ìdá rẹ̀ nìkan. Olùlò lè gba ìwọ̀n àkókò ọpọlọ 4 lórí ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ 64. Àkójọ tí ó ka ẹ̀rọ yóò ka 64. Níbi tí wọ́n bá ti fi òpin sí àkókò ọpọlọ nípasẹ̀ Linux, fọ́nrán 64 wọ̀nyí yóò jẹ ìpín àkókò wọn tán kíákíá, ètò adarí yóò sì dá gbogbo wọn dúró títí sáà tí ó kàn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Sáà yìí sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá. Kíkà náà pàápàá kò rọrùn: os.cpu_count ti Python ń ka gbogbo ẹ̀rọ, os.process_cpu_count, tí ó wọlé pẹ̀lú Python 3.13 ní 2024, ń ka ọpọlọ tí òṣìṣẹ́ náà láyè láti jókòó lé, ṣùgbọ́n kò ka òpin àkókò.

5. Ìpalára tí ó ń ṣe

Ìpalára àkọ́kọ́ wà nínú ìrántí. Kí fọ́nrán kan dìde kí òmíràn jókòó ń gba àkókò díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni àdánù tí ó tóbi jù. Ọgbọ́n tí ó mú kí àkójọ ìṣirò yára ni pé ó ń gé mátíríìsì sí ègé tí ó wọ inú ìrántí ìtòsí, ìyẹn ìrántí kékeré tí ó yára tí ó sì sún mọ́ ọpọlọ. Bí fọ́nrán mìíràn bá wá jókòó, ègé tirẹ̀ yóò lé ti àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá padà dé, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn.

Ìkejì ni ìdúró-dera-ẹni. Iṣẹ́ mátíríìsì tí wọ́n pín sí 16 kò parí àfi tí ìpín 16 bá parí. Bí 15 bá ti ṣe tán tí ẹnì kan kò tíì rí ọpọlọ jókòó lé, àwọn 15 yóò dúró. Wàyí o, fọ́nrán kì í sábà sùn lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ń dúró. Ó máa ń jókòó sórí ọpọlọ, kí ó máa wò bóyá ó ti yá. OpenMP ti Intel, bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ń wò báyìí fún ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó sùn. Nígbà tí ọpọlọ pọ̀, èyí dára, nítorí pé ẹni tí kò sùn kò ní pẹ́ jí. Nígbà tí àpọ̀jù bá dé, àwọn tí ń dúró ni yóò jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Ìkẹta ni pé ìpín kò bá iṣẹ́ kékeré mu rárá. Ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì méjì tí ó jẹ́ 50 lọ́nà 50 ń béèrè fún ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ 250,000. Ọpọlọ tí ó lè ṣe bílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò parí rẹ̀ ní ìdá-mílíọ̀nù 25 ìṣẹ́jú-àáyá. Pípe àwọn fọ́nrán jọ àti dídúró dè wọ́n lè jẹ nǹkan bí ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú àkókò, kódà lórí ẹ̀rọ tí ó ṣófo.

Ìkẹrin kan aládùúgbò. Lórí ẹ̀rọ tí ẹ̀ka kan jọ ń lò, fọ́nrán 256 tí olùlò kan kò mọ̀ pé òun dá sílẹ̀ yóò máa bá ti àwọn ẹlòmíràn du ọpọlọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣètò iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni yóò jìyà rẹ̀, kò sì ní mọ ẹni tí ó fà á.

Ìkarùn-ún ni ó lè ṣini lọ́nà jù lọ. Irinṣẹ́ tí ń fi iṣẹ́ ẹ̀rọ hàn yóò sọ pé gbogbo ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n 100 nínú 100. Ẹni tí ó rí èyí yóò rò pé ẹ̀rọ òun kéré, yóò sì béèrè fún èyí tí ó tóbi jù, èyí tí yóò mú àpọ̀jù náà burú sí i. Ó sì tún lè fi ọ̀nà ìṣirò méjì wéra nínú iṣẹ́ oyè rẹ̀, kí ó kọ ọ́ pé ti àkọ́kọ́ lọ́ra ju ti ìkejì lọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ kàn ń pe àkójọ ìṣirò ni, tí ti ìkejì kì í pè é. Irú àbájáde bẹ́ẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà ìṣirò.

6. Ọ̀nà àmójútó

Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: iye òṣìṣẹ́, ní ìlọ́po iye fọ́nrán inú òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò gbọdọ̀ ju iye ọpọlọ tí wọ́n yọ̀ǹda lọ. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà láti pa á mọ́.

(i) Àṣẹ láti ìta. Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀, olùlò lè fi iye fọ́nrán sí abẹ́ àwọn orúkọ tí àkójọ ń wò: OMP_NUM_THREADS fún OpenMP, OPENBLAS_NUM_THREADS fún OpenBLAS, MKL_NUM_THREADS fún MKL, BLIS_NUM_THREADS fún BLIS. Bí ti gbogbogbòò àti ti àkójọ bá jọ wà, ti àkójọ gan-an ni MKL àti OpenBLAS ń tẹ̀lé. Àwọn àkójọ kan máa ń ka orúkọ wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí wọ́n bá ń wọlé. Àṣẹ tí ó dé lẹ́yìn ìgbà náà ti pẹ́.

(ii) Àṣẹ láti inú ètò. Ní Python, threadpoolctl lè wá àkójọ tí ó wà nínú òṣìṣẹ́ jáde, kí ó sọ iye fọ́nrán ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó dín in kù fún apá ètò kan, kí ó sì dá a padà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. RhpcBLASctl ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní èdè R. Ní Julia, BLAS.set_num_threads ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà yìí bá ètò tí ó ní ìpele oríṣiríṣi mu, irú èyí tí ó kọ́kọ́ sọ mátíríìsì ńlá kan di púpọ̀, tí ó sì wá ń ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣẹ́ kéékèèké lẹ́yìn náà.

(iii) Àṣẹ láti ọ̀dọ̀ olùpínṣẹ́. Ẹni tí ó dá òṣìṣẹ́ sílẹ̀ mọ iye wọn. Nítorí náà, joblib, ní ìṣe rẹ̀ tí kò gba àṣẹ mìíràn, ń fi iye òṣìṣẹ́ pín iye ọpọlọ, ó sì ń fi èsì rẹ̀ ṣe òpin fọ́nrán fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ibùdó tí ó ń lo SLURM, olùlò lè mú iye tí ó wà nínú SLURM_CPUS_PER_TASK, kí ó fi í sí OMP_NUM_THREADS, kí ohun tí ó béèrè àti ohun tí ó ń lò bára mu.

Lórí ọpọlọ 16, òfin náà fi àyè gba òṣìṣẹ́ 16 tí ó ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, tàbí 4 tí ó ní fọ́nrán mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí ẹyọ kan tí ó ní 16. Ti àkọ́kọ́ bá iṣẹ́ púpọ̀ tí kò gbára lé ara wọn mu. Ti ìkẹta bá mátíríìsì ńlá kan ṣoṣo mu. Ti àárín dára nígbà tí ìrántí ẹ̀rọ kò lè gba ẹ̀dà dátà 16. Kí ẹnikẹ́ni tó yan èyíkéyìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wọn àkókò òṣìṣẹ́ kan àti fọ́nrán kan. Láìsí òṣùwọ̀n yìí, kò sí bí yóò ṣe mọ̀ pé ìpín ran òun lọ́wọ́.

7. Àwọn àtakò tí ó yẹ fún ìdáhùn

Àwọn kan lè sọ pé kí ètò adarí ẹ̀rọ yanjú rẹ̀. Ètò adarí lè pín àkókò ní dọ́gbadọ́gba, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé fọ́nrán kan ń dúró de òmíràn. Ìdọ́gba kọ́ ni ohun tí iṣẹ́ náà nílò. Ohun tí ó nílò ni pé kí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan jọ jókòó pọ̀.

Àwọn mìíràn lè ní kí àkójọ máa wo bí ẹ̀rọ ṣe kún tó kí ó tó pín iṣẹ́. Àkójọ 16 lè wo ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, kí gbogbo wọn rí i pé ó ṣófo, kí wọ́n sì jọ rọ́ wọ inú rẹ̀. Agbo fọ́nrán kan ṣoṣo tí gbogbo àkójọ jọ ń lò, irú èyí tí TBB ti Intel gbé kalẹ̀, dára ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà òṣìṣẹ́ ni agbára rẹ̀ parí sí, gbogbo àkójọ sì gbọ́dọ̀ gbà láti lò ó.

Àtakò tí ó lágbára jù ni pé kí àkójọ máa lo fọ́nrán kan ṣoṣo títí wọn yóò fi pàṣẹ mìíràn fún un. Èyí ìbá fòpin sí àpọ̀jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń dá lo ẹ̀rọ ọlọ́pọlọ 16, tí kò sì mọ̀ pé àṣẹ kankan wà láti pa, yóò máa lo ìdá kan nínú 16 ohun tí ó ní. Ìpinnu yìí kò lè tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, nítorí pé àkójọ kò mọ ẹni tí ó pè é. Èyí gan-an ni ó fi hàn pé kì í ṣe ọwọ́ àkójọ ni ó yẹ kí àṣẹ wà. Ojúṣe àkójọ ni kí ó gba àṣẹ, kí ó tẹ̀lé e, kí ó má sì yí ìtò tí ó kan gbogbo òṣìṣẹ́ padà ní ìkọ̀kọ̀.

8. Ìkádìí

Ọba kì í pé méjì láàfin; ìjòyè lè pé mẹ́fà láàfin. Àkójọ ìṣirò lè pọ̀ nínú ètò kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ pín ọpọlọ. Ẹni náà ni ètò tí ó wà lókè pátápátá tàbí ẹni tí ó gbé e lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé òun nìkan ni ó mọ iye òṣìṣẹ́, bí dátà ṣe tóbi tó, àti ohun tí ibùdó yọ̀ǹda fún un.

Ohun kan kù tí ó kan àwọn tí ń kọ ìwé àbájáde. Iye fọ́nrán lè yí ìdáhùn padà díẹ̀, kì í ṣe àkókò nìkan. Nínú ìṣirò kọ̀ǹpútà, bí wọ́n bá ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 kí wọ́n tó fi 0.3 kún un, ohun tí yóò jáde ni 0.6000000000000001, bí ó bá jẹ́ 0.2 àti 0.3 ni wọ́n kọ́kọ́ rò pọ̀, 0.6 ni yóò jáde. Ìpín tí ó bá yàtọ̀ lè ro iye pọ̀ ní ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí iṣẹ́ ìwádìí tí ó bá sọ ìyára tàbí èsì ìṣirò kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: iye ọpọlọ tí wọ́n yọ̀ǹda, iye òṣìṣẹ́, iye fọ́nrán inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ àkójọ ìṣirò pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo lè gba gbogbo rẹ̀. Láìsí ìlà náà, ẹni tí ó bá tún iṣẹ́ ọ̀hún ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn kò ní lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ìṣirò ni òun ń wọ̀n, tàbí ìjà àwọn fọ́nrán lórí àga.